Ìwé owó ẹgbẹ́, 1965 sí 1999: réètì wo la fi ń sọ pọ́ùn Ìlú Ọba di náírà?

Akọ̀wé_Ìjẹ̀búÒde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú-tòde ọ̀rọ̀ owó.

Ìwé owó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà kí Ojúde Ọba tó ń bọ̀ tó dé. Oṣù kìíní 1965 ló bẹ̀rẹ̀, oṣù kejìlá 1999 ló parí sí. Apá méjì ni ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní: owó tí àwọn ará ilé dá, àti owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́ fún kíkọ́ gbọ̀ngàn. Ti ilé jẹ́ pọ́ùn, ṣílè àti pẹ́nì títí 1972 fi parí, lẹ́yìn náà ó di náírà. Ti Lọ́ńdọ̀nù, pọ́ùn Ìlú Ọba ni wọ́n kọ látòkèdélẹ̀. Níbòmíràn wọ́n kọ iye tó bọ́ sí lọ́wọ́ níhìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbòmíràn wọn ò kọ nǹkan kan.

A fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà ní náírà, gẹ́gẹ́ bí iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n san án.

Mo ti ka pọ́ùn wa àti pọ́ùn wọn sí ọ̀kan náà láti 1965 dé 1972. Akápò ní rárá, pé wọ́n ti pínyà láti 1967. Ta ló jàre? Èkejì, àtẹ World Bank ní dọ́là kan jẹ́ náírà 0.71 ní 1965. Náírà wo ló wà ní 1965? Fún 1986, àtẹ CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní N2.0206 sí dọ́là kan, World Bank ní N1.75, bẹ́ẹ̀ owó ẹnikẹ́ni nínú ìwé yìí kò bọ́ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní 1996 ńkọ́, àtẹ ní N21.88, ṣùgbọ́n níwájú ẹni tó fi £100 ránṣẹ́, N12,600 ló wà níbẹ̀. Àti pé dọ́là ni gbogbo àtẹ wọ̀nyí ń sọ, pọ́ùn lèmi ń wá.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́

Akọ̀wé, akápò yín ló jàre.

Láti 1 oṣù keje 1959 tí CBN gbé pọ́ùn Nàìjíríà jáde, títí dé àárín oṣù kọkànlá 1967, pọ́ùn wa kan jẹ́ pọ́ùn wọn kan, kò lé, kò dín. Owó West African Currency Board tí a ń ná ṣáájú rẹ̀ náà bá tiwọn dọ́gba. Nítorí náà, 1965, 1966 àti èyí tó pọ̀ jù nínú 1967 rọrùn: £25 láti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £N25, ìyẹn pọ́ùn Nàìjíríà 25, náírà méjì sí ọ̀kan, ẹ kọ N50.

Ní 18 oṣù kọkànlá 1967, ìjọba Harold Wilson ní Ìlú Ọba já iye pọ́ùn wọn wálẹ̀ láti dọ́là 2.80 sí dọ́là 2.40. Gambia àti Sierra Leone bá wọn já tiwọn. Nàìjíríà kọ̀, kò já. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ níhìn-ín, ló sì ń darí ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Ká ní wọ́n já a, gbogbo ohun tí ìjọba ń fi dọ́là rà lókè òkun ni ì bá gbówó lórí lóòjọ́. Pọ́ùn wa dúró sí dọ́là 2.80 tó wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé £N6 tiwa di £7 tiwọn. £N1 jẹ́ £1 3s. 4d. Ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ nìyí: pọ́ùn tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ ọ́ dọ̀nà 6, kí ẹ pín in sọ́nà 7, pọ́ùn Nàìjíríà nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kó di náírà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà 12 ni kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ pín in sọ́nà 7. £25 ti oṣù kẹta 1969 yóò jẹ́ £N21 8s. 7d., ìyẹn N42.86. Bí ẹ bá ti kọ N50 sílẹ̀, N7.14 tí kò wọ àpò ẹgbẹ́ rí lẹ ti kọ fún ẹni náà.

Ìdá 7 sí 6 yìí pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Nígbà tí Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀kùn wúrà ní 15 oṣù kẹjọ 1971, tí wọn ò fi wúrà pààrọ̀ dọ́là mọ́, pọ́ùn Ìlú Ọba ń fò sókè-sódò fún oṣù bíi mẹ́rin. Ní àárín ìgbà yẹn, rìsíìtì báńkì nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣe àdéhùn ní oṣù kejìlá 1971, pọ́ùn wọn di dọ́là 2.6057, tiwa di dọ́là 3.04. Ẹ pín 3.04 sí 2.6057, ẹ ó tún bá 7 sí 6 níbẹ̀. Dọ́là ló rẹlẹ̀, àwa àti wọn ò kúrò níbi tí a wà sí ara wa.

Ibi tó ti já pátápátá ni 23 oṣù kẹfà 1972, nígbà tí Ìlú Ọba jẹ́ kí pọ́ùn rẹ̀ máa léfòó lórí ọjà. Láti ọjọ́ yẹn, orí dọ́là ni kí ẹ gbà kọjá. Ní oṣù kejìlá 1972, pọ́ùn wọn wà ní nǹkan bíi dọ́là 2.35, tiwa ṣì jẹ́ 3.04. £25 jẹ́ dọ́là 58.75, ẹ pín in sí 1.52 (ìdajì 3.04, iye dọ́là sí náírà kan), ó jẹ́ N38.65. Ẹ wo bí £25 kan náà ṣe ti ibi N50 dé N42.86 dé N38.65 láàárín ọdún márùn-ún.

Ní ti 0.71 ti World Bank, àṣìṣe kọ́. Wọ́n ta náírà sẹ́yìn dé 1960 kí àtẹ wọn lè jẹ́ owó kan ṣoṣo ni. £N1 jẹ́ dọ́là 2.80, £N1 sì di N2, nítorí náà N1 dà bí dọ́là 1.40. Dọ́là kan wá jẹ́ 1 pín sí 1.40, tí í ṣe 0.714. Fún 1972 àti 1973 ẹ ó rí 0.66, torí 1 pín sí 1.52 ni. Ẹ lè lò ó, bí ẹ bá ti mọ̀ pé náírà ti lẹ́yìn ni wọ́n fi ka ti iwájú.

Alájọ_Ṣàgámù

Kí Akọ̀wé tó fọwọ́ kan réètì kankan, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹni tó kọ ìwé náà ń pè ní kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni ìwé owó àtijọ́ ti ń ṣi ọmọ ìsinsìnyí lọ́nà jù.

Ṣáájú 1973, pẹ́nì ni Yorùbá ń pè ní kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ 12 ló wà nínú ṣílè kan, 240 nínú pọ́ùn kan. Tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ mẹ́fà. Láti 1 oṣù kìíní 1973, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀. Kọ́bọ̀ àtijọ́ kan kò tó kọ́bọ̀ tuntun kan, 0.83 péré ni. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n kọ "kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án" fún ní 1970 san 7.5k, kì í ṣe 9k.

Pọ́ùn, ẹ sọ ọ́ dọ̀nà méjì, náírà nìyẹn. Ṣílè, ẹ sọ ọ́ dọ̀nà mẹ́wàá, kọ́bọ̀ nìyẹn. Pẹ́nì, ẹ sọ ọ́ dọ̀nà 10 kí ẹ pín in sí 12. £3 7s. 9d. yóò jẹ́ N6, pẹ̀lú 70k, pẹ̀lú 7.5k: N6.775. Ẹ fi ìdá kọ́bọ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Excel. Ẹ má ṣe gé e kúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn 48 bá san 1s. 3d. lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, £3 gééré ni, N6. Ṣùgbọ́n 12.5k ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 13k, àpapọ̀ di N6.24, tí ẹ bá sọ ọ́ di 12k, ó di N5.76. Àpapọ̀ ojú ewé kò ní bá ti akọ̀wé àtijọ́ mu mọ́, ẹ ó sì máa wá olè tí kò sí.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa ojú ewé kan tí kò ní ọdún, ẹ wo bí ó ṣe ń ru owó láti òpó kan lọ sí òmíràn. Bí òpó tó gbẹ̀yìn bá ti ń ru nígbà tó pé 12, owó àtijọ́ ni. Bó bá tó 100 kó tó ru, náírà àti kọ́bọ̀ ni. Ìdánwò yìí kò tíì purọ́ fún ẹnikẹ́ni tó mọ ìṣirò.

Ẹ̀tàn kejì: lẹ́yìn 1973, ọ̀pọ̀ àgbà kò yé fi pọ́ùn ka owó. N2 ni wọ́n ń pè ní pọ́ùn kan. "Pọ́ùn márùn-ún" nínú ìwé 1976 lè jẹ́ N10, bẹ́ẹ̀ ni "ṣílè márùn-ún" jẹ́ 50k. Ẹ ro àpapọ̀ òpó náà wò kí ẹ tó gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà lápá Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú Ọba ti fi ṣílè sílẹ̀ ní 15 oṣù kejì 1971, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí àwa tó fi tiwa sílẹ̀. Ní àárín ìgbà yẹn, £12.50 lórí rìsíìtì wọn jẹ́ pọ́ùn 12 àti ṣílè 10. Bí akọ̀wé ìgbà náà bá dà á kọ sí £12 5s., ṣílè márùn-ún ti jábọ́ sọ́nà. Ẹ fi ojú tó mú ṣinṣin wo gbogbo ohun tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1971 àti 1972.

Ọ̀kan tí kò yẹ kó dà yín láàmú: ní oṣù kìíní 1968 wọ́n pààrọ̀ bébà owó nítorí ogun, ní 1984 wọ́n tún yí àwọ̀ náírà padà. Owó lè ya wọlé lọ́pọ̀ nínú ìwé yín lásìkò wọ̀nyẹn torí pé àwọn ènìyàn ń kó bébà àtijọ́ jáde nílé. Bébà ló yí, iye rẹ̀ sí pọ́ùn tàbí dọ́là kò tìtorí ẹ̀ yí.

Aṣírò_Ìpẹ́rù

Ẹ ṣeun, Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ẹ ṣeun, Alájọ. Ẹ jẹ́ kí n bá Akọ̀wé mú un láti 1973.

Iye náírà tó ń ra dọ́là kan, ẹ sọ ọ́ dọ̀nà iye dọ́là tó ń ra pọ́ùn kan. Ohun tó bá yọ ni náírà sí pọ́ùn kan. Ìpíndọ́gba ọdún kọ̀ọ̀kan ni mo lò síbí, ti CBN fún náírà, ti ọjà àgbáyé fún pọ́ùn:

1975: 0.616 × 2.22 = N1.37
1980: 0.5464 × 2.33 = N1.27
1985: 0.8938 × 1.30 = N1.16
1988: 4.5367 × 1.78 = N8.08
1990: 8.0378 × 1.785 = N14.35
1993: 22.0511 × 1.50 = N33.08
1999: 92.6934 × 1.62 = N150.16

Ẹ fi 1980 wé 1985. Náírà rẹlẹ̀ sí dọ́là láàárín ọdún márùn-ún yẹn, láti 0.5464 sí 0.8938. Síbẹ̀ pọ́ùn kan ra náírà tó kéré sí i, torí pé pọ́ùn fúnra rẹ̀ ṣubú láti 2.33 sí 1.30, ó ṣubú ju náírà lọ. Ẹni tó bá rò pé "náírà ń bàjẹ́ láti 1980, nítorí náà ará Lọ́ńdọ̀nù ń mú náírà púpọ̀ wá sí i lọ́dọọdún" yóò ṣi ìṣirò. Láti òpin 1986 nìyẹn tó di òótọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ojú tí wọ́n fi kọ réètì. Ní ọdún 1970 sí 1979, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ ni iye dọ́là tí náírà kan ń rà, ìyẹn 1.52. Àtẹ CBN òde òní ń kọ iye náírà tí dọ́là kan ń rà, 0.6579. Owó kan náà ni, wọ́n dorí ìkan kodò ni. Nítorí náà bí ẹ bá rí 1.5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó 1974, dọ́là sí náírà ni. Bí ẹ bá rí 1.5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù kẹsàn-án 1986, náírà sí dọ́là ni. Nọ́ńbà kan, ìtumọ̀ méjì tó dojú kọ ara wọn.

Ẹ má sì ṣe ìpíndọ́gba èyí tó dorí kodò kí ẹ wá dá a padà. Bí dọ́là mẹ́wàá bá wọlé ní N4, tí mẹ́wàá mìíràn wọlé ní N8, N120 ni fún dọ́là 20, N6 sí dọ́là kan. Tí ẹ bá dorí wọn kodò, 0.25 àti 0.125, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 0.1875, ẹ dá a padà, ó di N5.33. Kọ́bọ̀ 67 ti sọnù lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó jí i.

Akọ̀wé_Ìjẹ̀búÒde

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti rí ojú ewé méjì ní 1971 tí wọ́n kọ £7.50 sí £7 5s. Alájọ, ẹ kú ojú o. Èwo ni kí n wá ṣe sí 1986 àti 1996?

Aṣírò_Ìpẹ́rù

1986 kì í ṣe ọdún kan, ọdún méjì ni wọ́n so pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, dọ́là kan wà ní bíi náírà kan. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ìjọba Babangida ṣí ọjà SFEM, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta dọ́là bí ẹní ta ọjà lórí àtẹ, ó sì ju N4 lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ó ti sọ̀ padà sí bíi N3.30. Ìpíndọ́gba irú ọdún bẹ́ẹ̀ dà bí kí wọ́n po omi gbígbóná mọ́ omi tútù kí wọ́n ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni omi náà láti àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí CBN àti World Bank kò fi bá ara wọn mu lórí rẹ̀: ó dọ́wọ́ bí oníkálukú ṣe ka oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn.

Ẹ wò ó: £40 ní oṣù kejì 1986, pọ́ùn wà ní dọ́là 1.43, nítorí náà bíi N57. £40 kan náà nígbà tí ọdún ń parí lọ, ní N3.30, ó ju N185 lọ. Tí ẹ bá lo 2.0206 pẹ̀lú ìpíndọ́gba pọ́ùn, 1.467, fún àwọn méjèèjì, bíi N118.60 ni ẹ ó kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó fi ìlọ́po méjì kún ti ẹni àkọ́kọ́, ẹ ó sì gé ti ẹnì kejì lórí. Nítorí náà, 1986, réètì oṣù ni, kì í ṣe ti ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1992: ní oṣù kẹta ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là sì fò láti bíi N10 sí bíi N18. Ẹni tó san ní oṣù kìíní 1992, réètì ìparí 1991 ló súnmọ́ ọn jù, kì í ṣe 17.2984 tí CBN kọ fún gbogbo ọdún náà.

1994 sí 1998 tún yàtọ̀. Ní 1994 ìjọba Abacha kan náírà mọ́lẹ̀ ní bíi N22. Ní 1995 wọ́n ṣe òfin tó dá ọjà dọ́là mìíràn, AFEM, sílẹ̀, ibẹ̀ sì wà ní ohun tó lé ní N80. Ṣùgbọ́n wọn ò yọ N22 kúrò. Ìjọba ń fi í ṣe nǹkan tirẹ̀ títí wọ́n fi pa á rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1999. Ìyẹn ni àtẹ ṣe kọ 21.88 fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tó wá fò sí 92.69 ní 1999 bí ẹni pé ilẹ̀ ya. Ilẹ̀ kò ya. Ọmọ aráyé ti wà lókè níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin ṣáájú.

£100 ti 1996: pẹ̀lú 21.88 àti dọ́là 1.56, ó jẹ́ nǹkan bíi N3,413. Pẹ̀lú AFEM tó bá wà ní N82, ó jẹ́ bíi N12,790. Ìwé yín ní N12,600. Ẹ pín in sí 100, N126 sí pọ́ùn kan. Ẹ pín in sí 1.56, bíi N80.77 sí dọ́là kan. Owó náà gba AFEM kọjá, báńkì sì yọ èrè tirẹ̀ díẹ̀. Akọ̀wé àtijọ́ yẹn ti kọ òtítọ́ sílẹ̀ fún yín.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ ni èyí: ibi tí wọ́n bá ti kọ iye tó bọ́ sí lọ́wọ́ níhìn-ín, ẹ má fi àtẹ kankan pa á rẹ́. Ẹ pín in kí ẹ fi yọ réètì ọjọ́ náà, kí ẹ sì lo réètì yẹn fún àwọn tó san lóṣù kan náà tí wọn ò kọ tiwọn. Àtẹ wà fún àlàfo tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá.

Olóbì_Ṣàgámù

Ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ìwé obì àtijọ́ tó ní owó CFA nínú, ọ̀nà wo la lè gbà mú ti náírà jáde?

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́

Ó rọrùn ju ti Akọ̀wé lọ, torí pé wọ́n so CFA mọ́ owó Faransé. Títí di 11 oṣù kìíní 1994, CFA 50 jẹ́ fráǹkì Faransé kan. Láti 12 oṣù kìíní 1994, CFA 100 ni, wọ́n gé e sí ìdajì lóòjọ́ kan. Láti 1999, CFA 655.957 sí yúrò kan. Ẹ wá iye fráǹkì tàbí yúrò sí dọ́là, kí ẹ wá fi ti náírà sí dọ́là bá a pàdé. Níbi 1994 ni kí ẹ ti la ojú sílẹ̀: obì tí wọ́n rà lọ́jọ́ 10 àti èyí tí wọ́n rà lọ́jọ́ 15 kò sí ní réètì kan náà, bó tiẹ̀ jẹ́ iye CFA kan náà ni wọ́n kọ. Bó bá jẹ́ ní ẹnubodè ni wọ́n ti ṣẹ́ owó náà, CFA sí náírà tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni kí ẹ gbà.

Ọmọ_Ìlíṣàn

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, kí ló dé tí a kò kàn sọ gbogbo rẹ̀ di dọ́là, kí a fi réètì òní sọ ọ́ di náírà òní? Bẹ́ẹ̀ ni a ó mọ ẹni tó ṣe jù fún gbọ̀ngàn náà.

Aṣírò_Ìpẹ́rù

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè mìíràn nìyẹn, irinṣẹ́ mìíràn ló sì ń fẹ́. Réètì ń sọ iye tí owó kan fi ra owó kejì lọ́jọ́ kan. Kò sọ iye ìrẹsì tàbí àpò sìmẹ́ǹtì tó rà. Dọ́là fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan. Gẹ́gẹ́ bí àtẹ iye ọjà Amẹ́ríkà, ohun tí dọ́là kan rà ní 1973 ń gba nǹkan bíi dọ́là 6.90 ní 2023. Bí ẹ bá sọ N100 ti 1973 di dọ́là 152 tí ẹ sì dúró síbẹ̀, ẹ ti yan ẹni tó san ní 1973 jẹ. Bí ẹ bá sì lo réètì ìjọba ti 1984, ẹ ti gbé ẹni tó san nígbà náà ga jù, torí pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé dọ́là kò sí ní iye yẹn níta.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi ọlá fún àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn, àtẹ iye ọjà ti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba, NBS, ni kí ẹ lò fún owó ilé. Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó wà lójú ewé tirẹ̀. Nínú ìwé yìí, òpó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n kọ gan-an, bí wọ́n ṣe kọ ọ́, £ s. d. tàbí náírà. Òpó kejì, réètì. Òpó kẹta, ibi tí réètì náà ti wá: "ìwé ẹgbẹ́", "CBN", "7/6". Òpó kẹrin, náírà. Ẹni tó bá rí àṣìṣe lọ́dún mẹ́wàá sí i yóò lè tún un ṣe láìpadà sídìí ìwé tí ikán lè ti jẹ.

Akọ̀wé_Ìjẹ̀búÒde

Mo ti ya àwọn òpó náà bẹ́ẹ̀. Ó ku ọ̀kan ṣoṣo. £30 kan wà, báńkì Lọ́ńdọ̀nù kọ dráàfù rẹ̀ ní 14 oṣù kọkànlá 1967, ó wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ ní 27 oṣù kan náà. Ṣé kí n kà á sí ọ̀kan sí ọ̀kan ni, àbí 7 sí 6?

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́

Ó dọ́wọ́ owó tí wọ́n fi kọ dráàfù náà. 18 oṣù kọkànlá yẹn bọ́ sí ọjọ́ Sátidé. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni báńkì ti ń lo réètì tuntun. Bí wọ́n bá kọ dráàfù náà sí pọ́ùn Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti di £N30 lọ́jọ́ 14, ìjáwálẹ̀ kò kàn án mọ́: N60. Bó bá jẹ́ pọ́ùn Ìlú Ọba ni wọ́n kọ, ọjọ́ tí báńkì níhìn-ín sọ ọ́ di tiwa ló ṣe pàtàkì, ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ 18: £N25 14s. 3d., N51.43. Ẹ wo àpapọ̀ owó àkáǹtì ní ìparí oṣù kọkànlá. Bó bá fi £30 gbéra, tàbí £25 14s. 3d. tí báńkì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ojú ewé yẹn ti dá yín lóhùn.